Ìdáhùn Tí Mo Ń Fún Àwọn Ará Abà Fágbuyì

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ iṣẹ́ náà, n kò tíì jókòó dáadáa tí ìyá arúgbó kan fi ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ ni Àbújá?"

Mo ní, "Rárá o, ìyá. Sìdíkátù lorúkọ mi."

"Wọ́n ní inú ilé yìí ni Àbújá wà."

Alàgbà Bọ̀dé, tó jẹ́ ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, ló dìde tó fún ìyá lága. Ó ní, "Ẹ jókòó, ìyá. Àwa la ń bá Àbújá gbọ́ ọ̀rọ̀." Nígbà tí ìyá náà lọ tán, alàgbà yíjú sí mi, ó ní gbogbo iṣẹ́ wa nìyẹn: kí á máa bá Àbújá gbọ́. Bóyá Àbújá fúnra rẹ̀ gbọ́ tàbí kò gbọ́, ìyẹn ti kọjá agbára wa.

Ọ́fíìsì aṣòfin ni. Ọ̀gá àgbà wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Onórébù, jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá. Ó háyà ilé kan ní Iléṣà, níbi tí àwọn ará ẹkùn ìdìbò rẹ̀ ti lè máa rí i. Kí n má purọ́, àwa ni wọ́n ń rí, nítorí òun kì í sábà sí nílé. Ọmọ Òṣogbo ni èmi. Ìdílé mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń rán agbádá. Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo ni mo háyà yàrá sí, mo sì ń wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà ní àràárọ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni pé mo gbọ́ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta obì ní Ìwàràjà, ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé "ulé" ni ilé, "uṣẹ́" sì ni iṣẹ́.

Alàgbà Bọ̀dé ti ṣe akọ̀wé káńsù títí ó fi fẹ̀yìn tì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ lẹ́tà sínú rẹ́jísítà, bí wọ́n ṣe ń fún un ní nọ́ńbà, àti fáìlì tí ó yẹ kó wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tó kọ́ mi ni pé kí n máa wo ọwọ́ àlejò. Ẹni tó bá fi ọwọ́ méjèèjì di lẹ́tà rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ abúlé ló bá wá. Ẹni tó bá yọ ọ́ láti inú àpò, iṣẹ́ ló ń wá fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mú nǹkan kan lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ jókòó, èébú ló gbé wá, kí n yára fún un lómi tútù.

Àwọn eléèébú pọ̀. Mi ò mọ̀ pé inú ń bí ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ sí àwọn aṣòfin títí mo fi dé ẹnu iṣẹ́ náà. Wọ́n á ní oorun ni wọ́n ń sùn lórí àga ní Àbújá, wọ́n á ní ọwọ́ ni wọ́n ń nà sókè, wọn ò mọ ohun tí wọ́n nawọ́ sí. Nínú mọ́tò láti Òṣogbo sí Iléṣà, bí awakọ̀ bá ti tan rédíò, tí ìròyìn ilé ìgbìmọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á gbaná. Bí ẹnì kan bá ní ẹgbẹ́ yín ló jẹ̀bi, ẹlòmíràn á ní ẹgbẹ́ tiyín ló bà á jẹ́ kí ẹ tó gbé e lé wa lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń ní aránṣọ ni mí. Ìyá kan gbà mí gbọ́, ó fún mi ní aṣọ léèsì pé kí n bá òun rán búláòsì. Bàbá mi ló bá mi rán an, ó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi fún wa ní ìdáhùn. Dẹ̀jì, olùrànlọ́wọ́ Onórébù, ló ti Àbújá mú un wá, ó kọ ọ́ sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú mi. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ohun tí a kò tíì ṣe fún wọn, ohun tí a ó sọ nìyí: "Onórébù ti gbé ọ̀rọ̀ yín dé iwájú ilé, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kejì ni kò jẹ́ kó kọjá." Wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà síbẹ̀ gàdàgbà. Mo há a sórí bí ẹni há súrà. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ ṣe fọ́tókọ́pì, mo bá akọ̀wé aṣòfin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì yẹn gan-an níbẹ̀. Mo yọjú wo lẹ́tà tó ń ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀. Àwa ni "ẹgbẹ́ kejì" tiwọn. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín, kálukú gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí báyìí.

Bàbá Ìlọ̀rí fi ọwọ́ méjèèjì di lẹ́tà tirẹ̀ mú. Àgbẹ̀ kòkó ni, olórí Abà Fágbuyì, abúlé kan tó wà lẹ́yìn Ìpẹ̀rìndó. Ojú ewé ìwé ọmọléèwé ni wọ́n kọ lẹ́tà náà sí, gbogbo baálé abà sì tẹ ìka sí i. Odò kan tó ń jẹ́ Àlúrà ló wà láàárín wọn àti ọ̀nà. Igi mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ láyé bàbá wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa wúrà ti gbẹ́ etí odò náà títí, bí òjò bá sì ti rọ̀, omi á fẹ̀, á máa gbé igi lọ. Afárá gidi ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo gba lẹ́tà, mo fún un ní nọ́ńbà. Nígbà tó padà wá ní ọdún kejì, mo fún un ní ìdáhùn. Ìjẹ̀ṣà la jọ sọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ̀rọ̀ wa bí àwa ará Òṣogbo ṣe ń sọ ọ́, kó lè yé gbogbo ènìyàn.

Ó ní, "Ẹgbẹ́ kejì ni kò jẹ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ṣé wọ́n mọ odò Àlúrà ni?"

"Kò dájú pé wọ́n mọ̀ ọ́n, bàbá."

"Kí ló wá sọ wọ́n di ọ̀tá rẹ̀?"

Alàgbà Bọ̀dé bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, Bàbá Ìlọ̀rí náà sì rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn fìlà rẹ̀, ó ní òun á tún padà wá.

Nígbà tó padà wá, kò sí lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jókòó. Mo ti ń wá omi tútù kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Odò ti gbé tíṣà wa."

Tíṣà Dúpẹ́ ni obìnrin kan ṣoṣo tó gbà láti máa wá kọ́ àwọn ọmọ abà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìpẹ̀rìndó ló ń gbé, àràárọ̀ ló sì ń kọjá lórí igi mẹ́ta yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn òjò ńlá, igi méjì ló kù. Àwọn ọmọ iléèwé dúró ní òdìkejì, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń bọ̀. Ìṣojú wọn ni.

Mo pe Dẹ̀jì lórí fóònù, mo rò pé á ní kí Onórébù wá. Ohun tó sọ ni pé kí n kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ìyá olóògbé lórúkọ Onórébù, kí ó jẹ́ lédè Yorùbá, kí ó sì dùn. Ó wá ní, "Má gbàgbé láti fi ìdáhùn wa síbẹ̀ o. Kí wọ́n mọ ẹni tó dí afárá lọ́wọ́."

Mo ní, "Nínú lẹ́tà òkú?"

Ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ló ti máa wọ̀ wọ́n lára."

Mo kọ ọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi í pamọ́: mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo fún un ní nọ́ńbà, mo sì fi rán Bàbá Ìlọ̀rí. Alàgbà Bọ̀dé kà á kó tó fọwọ́ sí i. Ó mú un lọ́wọ́ pẹ́, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo rò pé mo ti ṣìnà. Àwọn ọlọ́dà ti gun àkàbà, wọ́n ń fi ọ̀dà ẹgbẹ́ kejì kun ilé wa. Àsíá wa wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́ ni. Mo sáré wọlé, mo bá Dẹ̀jì níbẹ̀ tó ń ya pépà ara ògiri, tó ń lẹ òmíràn.

Ó ní, "Onórébù ti bọ́ sí òdìkejì lálẹ́ àná. Ẹgbẹ́ tuntun nìyí." Mo ka pépà náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yí padà níbẹ̀ àfi orúkọ. Àwọn tó jẹ́ tiwa ní ọjọ́ Ẹtì ni kò jẹ́ kí nǹkan kọjá mọ́, àwọn tó ń dí wa lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí a ti sọ fún àwọn ènìyàn ńkọ́?"

Ó ní, "Wọn ò rántí."

Alàgbà Bọ̀dé dìde lórí àga rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í wọ̀, ó tún ka pépà náà lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Sìdí, lẹ́tà ni mo mọ̀ ọ́n kọ láyé mi. Èyí kì í ṣe lẹ́tà." Ó kó bírò rẹ̀ méjì àti kọ́ọ̀pù tí ó fi ń mu tíì, ó lọ sílé. Ọjọ́ tó parí iṣẹ́ nìyẹn. Èmi dúró, torí pé mi ò ní owó ìfẹ̀yìntì káńsù bíi tirẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Dẹ̀jì ní wọn ò ní rántí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá Ìlọ̀rí dé, ó ru iṣu, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó ní, "A gbọ́ lórí rédíò! Onórébù ti wọ inú ẹgbẹ́ tó ń dí afárá wa lọ́wọ́. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni. Ó lọ bá wọn nínú ilé wọn. Ta ló wá kù tó máa dí i lọ́wọ́?"

Ìdáhùn wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Mi ò lè kà á fún un. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, bàbá." Mo gba iṣu náà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́ láì sọ òótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Onórébù fẹ́ ṣe ìpàdé ìjábọ̀, níbi tí aṣòfin ti ń sọ ohun tó ti ṣe fún àwọn tó dìbò fún un. Èmi ni wọ́n yàn láti ka iṣẹ́ rẹ̀ síta lédè wa. Dẹ̀jì fi ìwé ránṣẹ́ sí mi láti Àbújá, àwòrán sì wà lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ń ṣí i lọ, mo ń kà á, títí mo fi kan èyí: "Afárá odò Àlúrà, Abà Fágbuyì. Iṣẹ́ ti parí."

Ìdùnnú ló kọ́kọ́ gbá mi mú. Mo wá wo àwòrán náà dáadáa. Afárá Ìwàràjà ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ilẹ̀kùn ilé wa. Lórí rẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ sí iléèwé, mo sì mọ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tí lọ́rì kan kọ lù tó fi tẹ̀ wọnú. Àwa ọmọ máa ń jókòó sórí irin títẹ̀ yẹn jẹ máńgòrò. Irin náà rèé nínú àwòrán, wọ́n kọ Abà Fágbuyì sábẹ́ rẹ̀.

Mo pe Dẹ̀jì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé àwòrán ṣì."

Ó ní, "Afárá kọ́ ni?"

"Afárá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn. Ṣé wọ́n ti ṣe tiwọn?"

Ó ní, "Sìdí, ka ohun tí wọ́n fún ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹgbẹ́ tí a kúrò nínú rẹ̀ ló ba iṣẹ́ náà jẹ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gba àyè, mo lọ wò ó fúnra mi. Mo ṣì ń retí nínú ọkàn mi pé bóyá àwòrán nìkan ló ṣì. Ọlọ́kadà gbé mi láti Ìpẹ̀rìndó dé ibi tí ọ̀nà parí sí. Omi pupa ni mo bá, ihò àwọn awawúrà lọ́tùn-ún lósì, àti okùn kan tí wọ́n ta láti igi kan ní ìhín sí igi kan lọ́hùn-ún. Obìnrin kan fi ọwọ́ kan di okùn náà mú, ó fi ìkejì di agbọ̀n kòkó lórí, omi dé ìbàdí rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Fún ọdún mélòó kan ni mo ti ń kọ orúkọ odò yìí sínú rẹ́jísítà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fojú rí i.

Bí mo ṣe ń padà, mo yà sílé ìyá Tíṣà Dúpẹ́ láti kí i. Mo sọ ibi tí mo ti wá fún un. Ó wọ yàrá, ó gbé Bíbélì jáde, ó yọ lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Mo mọ òǹtẹ̀ wa.

Ó ní, "Mi ò mọ̀wé. Ẹni tó mú un wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi ni, ṣùgbọ́n wọn ò tíì kà á fún mi látòkè délẹ̀ rí. Bá mi kà á."

Mo kà á. Mo ka ẹ̀kún dídùn tí mo kọ, mo sì ka ìdáhùn, nítorí pé mi ò lè fò ó níwájú rẹ̀.

Ó nawọ́ sí ilé tó wà ní òdìkejì àgbàlá. Ó ní, "Ìyá Kẹ́hìndé tó ń gbé ibẹ̀ yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ dárúkọ yẹn ni. Òun ló gbẹ̀bí Dúpẹ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí dé, ó ń sunkún wọlé wá, mo tì í síta. Mo ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa ọmọ mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí i, kò kí mi. Ọpẹ́lọpẹ́ lẹ́tà yìí, n kì bá tí mọ ọ̀tá mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo dágbére, mo jáde, inú mọ́tò ni mo ti sunkún dé Iléṣà.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ìpàdé náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wa wà lápá ọ̀tún, àwọn ti ẹgbẹ́ tí a fi sílẹ̀ wá wò wá lápá òsì, àwọn ará abúlé jókòó sẹ́yìn. Mo rí Bàbá Ìlọ̀rí láàárín wọn. Onórébù sọ̀rọ̀ ìkíni, ó sì gbé makirofóònù fún mi. Mo ka iná ojú títì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ka ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n pín fún àwọn opó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kan afárá.

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀.

Onórébù rẹ́rìn-ín sí àwọn ènìyàn, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi pé, "Kà á lọ."

Mo ní nínú makirofóònù, "Mi ò lè ka èyí. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé afárá Abà Fágbuyì ti parí. Kò sí afárá níbẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, okùn ni mo bá. Afárá Ìwàràjà ni wọ́n yà sínú ìwé yìí."

Ẹnu ya èmi náà sí ohùn ara mi. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Ẹnì kan lápá òsì kígbe pé, "Ẹ̀yin lẹ jẹ owó afárá náà!" Wọ́n dá a lóhùn lápá ọ̀tún pé, "Ìgbà tó wà lọ́dọ̀ yín ló jẹ ẹ́! Àwa ò tíì gbà á ju ìjẹta lọ!" Àga bẹ̀rẹ̀ sí fò. Bàbá Ìlọ̀rí dìde dúró, ó ń ju fìlà rẹ̀, ó ń pè wọ́n, "Ẹ̀yin ọmọ wa! Ẹ̀yin ọmọ wa! Odò náà ṣì wà níbẹ̀!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Wọ́n jà títí ọlọ́pàá fi dé, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tó ń jà tó béèrè ọ̀nà odò Àlúrà.

Nínú ìdàrúdàpọ̀ náà, Onórébù fà mí sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo rò pé á nà mí. Ojú rẹ̀ kò le. Ó kàn fẹ́ mọ̀. Ó ní, "Ẹgbẹ́ wo ló rán ọ?"

Mo ní, "Kò sí, sà."

"Má bẹ̀rù, sọ fún mi. Àwọn wo?"

"Ẹnì kankan ò rán mi, sà. Kò sí afárá níbẹ̀ ni."

Ó wò mí, ó mi orí. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́, àti pé kò lè gbà mí gbọ́ láéláé. Lójú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ náà, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kọ́kọ́rọ́ mi kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ wa lórí rédíò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹgbẹ́ ìhín ń na ìka sí ẹgbẹ́ ọ̀hún. Lẹ́yìn náà wọ́n rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Onórébù ṣì wà ní Àbújá.

Èmi dúró sí Òṣogbo, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́tà kíkọ ní Ìgbọ̀nà. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni Bàbá Ìlọ̀rí. Lẹ́tà sí àwọn ọmọ abà tó wà nílùú òkèèrè ló ní kí n kọ, kì í ṣe sí ìjọba. Mo ní, "Bàbá, kí ni mo máa kọ?" Ó ní, "Kọ orúkọ odò náà. Kọ orúkọ Dúpẹ́. Má kọ orúkọ ẹgbẹ́ kankan." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà gbogbo ènìyàn títí di òní, ọ̀pọ̀ lẹ́tà mi ló sì ń rí èsì gbà.

Àwọn ọmọ abà fi owó ránṣẹ́, sìmẹ́ǹtì dé. Àwọn awawúrà, tí gbogbo ènìyàn ń bú, ló ru òkúta àti yanrìn, wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bíríkìlà àgbà kan láti Iléṣà ló da afárá náà, kò tóbi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù-kòkó lè gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì dé pẹ̀lú àsíá, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Bàbá Ìlọ̀rí fún wọn lẹ́mu mu, ó sì ní kí wọ́n yà á ní etí odò, kí wọ́n má yà á lórí afárá.

Ibẹ̀ ni ìyá Tíṣà Dúpẹ́ ti rí mi. Mo kúnlẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ nínú gbọ̀ngàn. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Tẹ̀ lé mi relé. Mú bírò lọ́wọ́."

Nígbà tí a délé, ó jókòó, ó ní, "Lẹ́tà tó o kọ lọ́jọ́ náà, irọ́ ni. Kọ òmíràn."

Mo ní, "Ta ni kí n kọ ọ́ sí, mà?"

Ó nawọ́ sí òdìkejì àgbàlá.

Lẹ́tà tó kúrú jù tí mo kọ láyé mi nìyẹn. Mo kọ pé: "Ìyá Kẹ́hìndé, ẹgbẹ́ yín kọ́ ló pa Dúpẹ́. Odò ló gbé e, torí pé a ò ṣe afárá. Ọ́fíìsì wa ló parọ́ mọ́ yín, èmi Sìdíkátù ni mo fọwọ́ ara mi kọ irọ́ náà. Ìyá Dúpẹ́ ní kí ẹ máa bọ̀." Mo kà á fún ìyá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó dáa.

Mo kọjá sí òdìkejì. Ìyá Kẹ́hìndé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo ní kí ó gbọ́ lẹ́tà, mo sì kà á lórí ìdúró. Kí n tó ka ìlà tó kẹ́yìn tán, ọ̀bẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dúró kí ó nu ọwọ́, kò sì ti ilẹ̀kùn. Ó ń sáré lọ sí òdìkejì àgbàlá, ó ń pariwo orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, ìyá Tíṣà Dúpẹ́ ti ń bọ̀ lọ́nà wá pàdé rẹ̀.